Ìkọ́ rẹmọ́ọ̀kì fún bàṣé tó ti dàgbà: ṣásí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi

Ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi bàṣé rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bíi Hilux, fa rẹmọ́ọ̀kì, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ògbólógbòó irin ọkọ̀ ló sábà máa ń gbà lọ tààrà. Á bá àtẹlájì, irin tí wọ́n ń dì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti fi so rẹmọ́ọ̀kì, nílẹ̀ níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà ní ihò onígun mẹ́rin lẹ́yìn, tí wọ́n ń ti irin mìíràn bọ̀. Èyí tó ti Jámánì tàbí Faransé wá ní ọrùn tó tẹ̀ bí ọrùn lékèélékèé, bọ́ọ̀lù kan wà lórí rẹ̀. Á wo èyí tó wúwo jù, á ní kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀.

Irin tó wúwo kò burú. Àmọ́ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà, ara rẹ̀ nìkan ló ń sọ. Kò mọ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ṣásí yín, egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, kò mọ̀ pé sípíríìnì ẹ̀yìn ti rọ̀, kò sì mọ̀ pé bíréèkì ọkọ̀ náà ń fà sápá kan. Nǹkan márùn-ún ló ń fa ẹrù pọ̀: ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àtẹlájì, irin ọwọ́ tí wọ́n ń tì bọ inú rẹ̀, bọ́ọ̀lù, àti ẹnu rẹmọ́ọ̀kì tó gbá bọ́ọ̀lù mú. Kálukú ló ní iye tó lè gbé, èyí tó kéré jù nínú wọn ló sì ń pàṣẹ fún mẹ́rin yòókù. Lára bàṣé tó ti lé ní ogún ọdún, ọkọ̀ gan-an ló sábà máa ń kéré jù.

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀

Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi àga irin tì í. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì kì í kìlọ̀ kó tó wálẹ̀. Ẹ yọ táyà sìpía tó so mọ́ abẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àtẹlájì ń gbà kọjá. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, òòlù kékeré, sikirudírẹ́fà tó mú àti tọ́ọ̀ṣì ti tó.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha igi ṣásí méjèèjì, láti ibi tí sípíríìnì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn títí dé òpin rẹ̀ lábẹ́ bọ́ńpà. Lẹ́yìn náà ẹ máa fi òòlù kàn án, díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kan síra. Irin tó ṣì pé á dún gbọnrangandan. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ á dún bí akèrègbè tó ti là. Ibi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹnu sikirudírẹ́fà tì í. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ àtẹlájì ti parí lọ́jọ́ náà. Títún ṣásí ṣe ló kàn.

Ṣásí tó jẹ́ àpótí, ìyẹn èyí tí irin yí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ká, máa ń fi ara tó dán tan èèyàn. Láti inú ló ti ń jẹrà. Ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà Ìlárá á gba àwọn ihò kéékèèké wọlé, òjò á rin ín, ẹrẹ̀ náà á sì dúró síbẹ̀ títí ọ̀gbẹlẹ̀ á fi dé. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́n ọn jáde, kí ẹ fi omi fọ inú rẹ̀, kí ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ má sì rò pé ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kùtọnù wọlé sàn ju ti ilé lọ. Ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin ju òjò tiwa lọ. A máa ń rí Hilux tí kò ní ju ọ̀dà dídán lọ lókè, tí ìkángun ṣásí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ewé.

Ó ku sísán. Ojú mẹ́ta ni kí ẹ wò dáadáa: ibi tí ẹsẹ̀ sípíríìnì ti so mọ́ ṣásí, etí gbogbo ihò tí ẹlòmíràn ti lù sẹ́yìn, àti ìparí ibi tí wọ́n bá ti jó irin mọ́ ọn rí. Ìlà tó sán lè tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú kò ní rí i. Ẹ fi kẹrosíìnì, tí àwọn ará wa ń fi èdè Faransé pè ní pẹtiróòlù, pa ibẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá lọ ẹfun kúnná kí ẹ bù ú sí i. Bí irin bá ti sán, kẹrosíìnì tó ti wọ inú ìlà náà á máa sun padà, á sì fa ìlà dúdú gba àárín ẹfun. Àwa kì í gba ọkọ̀ tí a bá rí ìlà yẹn lára rẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi káálípà wọn bí irin ṣe nípọn tó ní etí ihò kan tó wà lẹ́yìn, kí ẹ wá wọn irú rẹ̀ níwájú, ní ibi tí ìpẹtà kò dé. Bí ẹ̀yìn bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí iwájú, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn máa gbé ẹrù inú rẹ̀ nìkan.

Ẹrù mélòó lẹ fẹ́ fà?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé rẹmọ́ọ̀kì òfìfo wúwo tó 350 kílò, ẹ sì fẹ́ kó àpò àgbàdo 12 sí i, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 kílò. 1,550 kílò nìyẹn. Bí ẹ kò bá mọ ìwọ̀n rẹmọ́ọ̀kì, ẹ gbé e lọ sórí bàsíkúlù, ìyẹn òṣùwọ̀n ńlá; ẹni tó rọ rẹmọ́ọ̀kì sábà máa ń bu ìwọ̀n rẹ̀ kù nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ọkọ̀ lè gbà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ní páálí irin kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí lábẹ́ra wọn. Èkíní ni ìwọ̀n ọkọ̀ nígbà tí ẹrù inú rẹ̀ bá kún. Èkejì ni ti ọkọ̀ àti rẹmọ́ọ̀kì pa pọ̀. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jẹ́ ti ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí èkíní bá jẹ́ 2,700, tí èkejì sì jẹ́ 4,700, ọkọ̀ tí inú rẹ̀ ti kún kò gbọ́dọ̀ fà ju 2,000 kílò lọ. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ kò sọ iye tó lè fà. Ìwọ̀n ọkọ̀ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ìwé ọkọ̀ lẹ máa wò fún ìyókù. Ìgbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní tuntun ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, ẹ rántí.

Àtẹlájì Amẹ́ríkà ni wọ́n pín sí ìpele márùn-ún. Ìpele kìíní kò kọjá 907 kílò, èkejì 1,588. Ihò onígun mẹ́rin tiwọn jẹ́ íǹṣì 1 àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti ìpele kẹta lọ ni ihò ti máa ń jẹ́ íǹṣì 2, ibẹ̀ sì ni irin tó le ti bẹ̀rẹ̀: ìpele kẹta lè dé 3,629 kílò lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń ṣe é, ìpele kẹrin 4,536. Ìkarùn-ún jẹ́ ti ọkọ̀ ńlá, kò sí ohun tí bàṣé kékeré ń wá níbẹ̀. Fún 1,550 kílò tí a ṣírò lókè, ìpele kejì gbà á lórí ìwé. Ìpele kẹta la máa mú. Ìwé kò mọ gọ́tà ojú ọ̀nà. Nígbà tí táyà rẹmọ́ọ̀kì bá já sí kòtò, ohun tó máa gbá àtẹlájì ju ìwọ̀n ẹrù náà lọ dáadáa.

Yúróòpù kì í lo ìpele. Lára páálí àtẹlájì tiwọn, ẹ máa rí lẹ́tà D pẹ̀lú nọ́ńbà kan àti kN, àti lẹ́tà S pẹ̀lú kílò. D ni agbára fífà. Bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀: ẹ mú ìwọ̀n ọkọ̀ tó kún ní tọ́ọ̀nù, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹmọ́ọ̀kì, ẹ pín in pẹ̀lú àpapọ̀ àwọn méjèèjì, kí ẹ wá sọ èyí tó bá jáde di púpọ̀ pẹ̀lú 9.81. Ọkọ̀ 2.7 àti rẹmọ́ọ̀kì 2.0 á mú 11.3 jáde. Nítorí náà àtẹlájì tí wọ́n kọ D 10 sí kò tó, bó ti wù kó nípọn lójú. S ni ìwọ̀n tí ẹnu rẹmọ́ọ̀kì lè fi tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀.

Èyí tó ń tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í wọ̀n ọ́n. Àṣà Amẹ́ríkà ni pé kó jẹ́ 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹmọ́ọ̀kì. Ti Yúróòpù kéré sí i, torí náà S tó wà lára àtẹlájì tiwọn sábà máa ń kéré. Bó bá kéré jù, rẹmọ́ọ̀kì á máa jù ìrù. Bó bá pọ̀ jù, ó ń gbé iwájú ọkọ̀ nílẹ̀. Ẹ gbé pákó kan lé bíríkì lápá kan àti ìwọ̀n tí èèyàn ń dúró lé lápá kejì, kí àárín wọn jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ka ohun tí pákó nìkan wọ̀n, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ gbé ẹnu rẹmọ́ọ̀kì tó ti kún lé pákó náà ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí bíríkì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìwọ̀n máa kà. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin.

Ohun tí ìwọ̀n yẹn ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀ nìyí. Bí ẹsẹ̀ iwájú sí ẹ̀yìn bá jẹ́ mítà 3, tí bọ́ọ̀lù sì fi mítà 1.2 wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kílò 150 lórí bọ́ọ̀lù á di 210 lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á sì gba 60 kúrò níwájú. Bọ́ọ̀lù tó bá súnmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló dára jù. Irin àfikún tí wọ́n ń fi sí i kó lè gùn, àwọn tó ń ṣe é gan-an ló sábà máa ń ní kí a dín ẹrù kù sí ìdajì bí a bá lò ó.

Mílímítà kan tó ń já rẹmọ́ọ̀kì

Ibí yìí ni ọjà tiwa ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, torí irin Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ń pàdé lórí ilẹ̀ kan náà. Bọ́ọ̀lù Yúróòpù jẹ́ mílímítà 50. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà jẹ́ íǹṣì 2, ìyẹn 50.8. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Bí ẹnu rẹmọ́ọ̀kì bá jẹ́ ti íǹṣì 2, tí bọ́ọ̀lù sì jẹ́ 50, ó máa wọlé wẹ́rẹ́, ó máa tì, gbogbo rẹ̀ á sì dà bíi pé ó pé. Ó ń mì nínú. Lójú kòtò tó jìn, ó lè fò jáde. Bó bá jẹ́ ẹnu 50 lórí bọ́ọ̀lù 50.8, ó lè há, ó lè kọ̀ láti tì délẹ̀, àwọn awakọ̀ á sì fi òòlù gbá a. Ẹ má gbá a. Ẹ wo orí bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ àti iye tó lè fà síbẹ̀. Bó bá ti parẹ́, káálípà ni. Bọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ ti jẹ lápá kan, ẹ jù ú nù.

Bọ́ọ̀lù mìíràn tún wà tó jẹ́ íǹṣì 1 àti ìdá méje nínú mẹ́jọ, èyí tó kéré, àti íǹṣì 2 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún fún ẹrù ńlá. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù: èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1 lẹ fẹ́. Nọ́ọ̀tù rẹ̀ ń gba ìdimú tó tó 340 Nm. Bí ẹ bá fi páìpù sọ sípánà di mítà 1, tí ẹ sì fi ìwọ̀n ìkọ́ fa ìkángun rẹ̀ títí yóò fi ka kílò 35, ó ti tó.

Rẹmọ́ọ̀kì oko tó ní òrùka dípò ẹnu kì í jókòó lórí bọ́ọ̀lù rárá. Ìkọ́ alẹ́nu méjì ló ń gbé òrùka, èyí tí wọ́n lè tì bọ ihò íǹṣì 2. Ó ń dún gbàgbà ju bọ́ọ̀lù lọ, ó sì ń gbá ṣásí ju bọ́ọ̀lù lọ, nítorí náà ẹ má fi sára ọkọ̀ tí ẹ ti ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀.

Bí ihò àtẹlájì bá jẹ́ íǹṣì 2, pínnì tó ń di irin ọwọ́ mú jẹ́ mílímítà 16. Ọ̀pá irin tí wọ́n gé ní ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kò lè rọ́pò rẹ̀. Ó rọ̀, ó ń tẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́ kò ní jáde.

Dídì í mọ́ ọkọ̀

Ajórin á ní, “Bàbá, ẹ fi lé mi lọ́wọ́, màá jó o mọ́ ọn, kò ní kúrò láé.” Kò ní kúrò lóòótọ́. Ṣásí ló máa sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó. Iná ń sọ irin tó wà létí ibẹ̀ di òmíràn, ìlà ìjórin tó bá sì gba ìsàlẹ̀ ṣásí kọjá níbùú dà bí ibi tí èèyàn ti fi ọ̀bẹ ré igi: ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́. Bóòtù ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ jó irin kankan nítòsí, ẹ tú bátìrì àti wáyà áltánétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, kí wáyà ilẹ̀ ajórin wà nítòsí ibi tó ń jó, kí táǹkì epo sì ti kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Táǹkì tó ti gbẹ léwu ju èyí tó kún lọ, torí èéfín epo ló ń gbiná.

Ara ṣásí tó dúró gan-an ni kí ẹ lu ihò sí, ní àárín gíga rẹ̀. Ẹ má lu ihò sí ìsàlẹ̀ tàbí sí òkè rẹ̀, ibẹ̀ ló ń gba ìdààmú jù. Bí ihò ilé-iṣẹ́ bá ti wà, tí ó sì bá àtẹlájì mu, ẹ lò ó. Kí ẹ tó lù, ẹ wo ẹ̀yìn irin náà fún páìpù bíréèkì àti wáyà. Díríìlì kì í yà fún ẹnikẹ́ni.

Fún iṣẹ́ tó wúwo, bóòtù mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 8.8 tàbí 10.9 gbọ́dọ̀ wà lórí wọn; bóòtù Amẹ́ríkà tó le ní ìlà mẹ́fà lórí dípò nọ́ńbà. Èyí tí orí rẹ̀ mọ́ láìsí àmì, ẹ fi sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Nínú ṣásí tó jẹ́ àpótí, ẹ ṣe páìpù kúkúrú tó ṣe déédéé fífẹ̀ inú rẹ̀, kí bóòtù gba inú páìpù náà kọjá. Láìsí i, bí ẹ ṣe ń di nọ́ọ̀tù ni àpótí náà á máa tẹ̀ wọ inú, nọ́ọ̀tù náà kò sì ní dì láéláé. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ mílímítà 6 sí ẹ̀yìn dípò wáṣà kékeré. Ibi tí ọwọ́ kò bá dé, ẹ so bóòtù mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ gba ihò ẹ̀yìn fà á wọlé.

Fún 8.8 tó gbẹ, tí kò ní òróró: mílímítà 12 ń gba 85 Nm, 14 ń gba 135, 16 ń gba 210. Pẹ̀lú sípánà tó gùn ní 50 sẹ̀ǹtímítà àti ìwọ̀n ìkọ́, ìyẹn jẹ́ kílò 17, 28 àti 43. Ẹ kun ihò tuntun ní ọ̀dà kí irin tó bo wọ́n.

Gíga bọ́ọ̀lù: òfin Yúróòpù fi àárín bọ́ọ̀lù sí mílímítà 350 sí 420 láti ilẹ̀ nígbà tí ẹrù wà nínú ọkọ̀. Bàṣé sábà máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà irin ọwọ́ tó rẹlẹ̀ lẹ máa rà. Ohun tí ẹ ń wá ni kí rẹmọ́ọ̀kì dúró gbọọrọ, kó má gbé imú sókè. Ẹ̀wọ̀n méjì ni kí ẹ fi so ó, kí ẹ gbé wọn kọjá ara wọn lábẹ́ ẹnu rẹmọ́ọ̀kì, kó lè jókòó sórí wọn bó bá já.

Iná

Ihò méje ni Yúróòpù ń lò. Ìkíní, ìyeyè, ni iná òsì tó ń ṣẹ́jú; ìkẹta, funfun, ni ilẹ̀; ìkẹrin, àwọ̀ ewé, ni iná ọ̀tún tó ń ṣẹ́jú; ìkarùn-ún, búráùn, ni iná ẹ̀yìn ọ̀tún; ìkẹfà, pupa, ni bíréèkì; ìkeje, dúdú, ni iná ẹ̀yìn òsì. Ìkejì, búlúù, jẹ́ ti iná kùrukùru, a kì í sábà lò ó níbí.

Wàhálà wà bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, gílóòbù kan náà ló ń ṣe bíréèkì tó tún ń ṣẹ́jú. Bí ẹ bá so wáyà yẹn tààrà mọ́ rẹmọ́ọ̀kì Yúróòpù, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì á tan iná tí ó yẹ kó máa ṣẹ́jú, ẹni tó wà lẹ́yìn yín kò sì ní mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Àpótí kékeré kan wà tó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Òun ni kí ẹ rà. Bí iná bá sì ń ṣẹ́jú kíákíá jù tàbí tó dúró gbagidi lẹ́yìn tí ẹ so rẹmọ́ọ̀kì, rìlé, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mú iná ṣẹ́jú, kò lè gbé gílóòbù tí ẹ fi kún un. Ẹ pàrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó lágbára. Iná tó ń tàn fírífírí, wáyà ilẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe wáyà ilẹ̀, gírísì ti bò ó.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ kó ìdajì ẹrù, kí ẹ rin ọ̀nà tó dára, bíi ti Pọ́bẹ̀, títí tó fi tó 50 kílómítà. Ẹ padà, kí ẹ tún bóòtù kọ̀ọ̀kan dì. Ọ̀dà tó wà láàárín irin máa ń fún pọ̀, bóòtù á sì rọ̀ díẹ̀. Rẹmọ́ọ̀kì tó bá lé ní 750 kílò tí kò ní bíréèkì tirẹ̀, Yúróòpù kò gbà á lójú ọ̀nà. Bàṣé tó ti dàgbà kò yẹ kó gbà á níbí náà, pàápàá ní ẹ̀bá òkè Sábẹ, níbi tí rẹmọ́ọ̀kì ti ń ti ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn.

Bí ẹ bá gbọ́ kò kò nígbà tí ẹ bá ń gbéra, irin ọwọ́ ló ń gbọ̀n nínú ihò. Ẹ wo pínnì. Bí ó bá jẹ́ gbì lójú kòtò nìkan, ẹ wo sípíríìnì àti nọ́ọ̀tù bọ́ọ̀lù. Àmọ́ bí ẹ bá rí ìpẹtà tuntun tó pupa bí osùn tó ń jáde láti abẹ́ orí bóòtù kan ṣoṣo, bóòtù yẹn ti ń rìn nínú ihò rẹ̀. Dídì kò wò ó sàn. Ẹ yọ ọ́, ẹ wọn ihò náà, ẹ sì tún bu ẹfun lé e.